Asano Ńkọ́? Ìfẹ́ àti Ẹ̀tanú Ẹ̀sìn nínú Ìtàn-Àròsọ Ajẹmọ́tàn

Ní Ìgbò-Ọrà tàbí Èrúwà, Táíwò lè máa lọ sí mọ́ṣáláṣí kí Kẹ́hìndé máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá dé ni ẹ̀tanú máa ń yọjú. Ojúṣe ìtàn-àròsọ ajẹmọ́tàn ni láti tú gbòǹgbò irú ẹ̀tanú bẹ́ẹ̀ wò.

Ìgbésí ayé Àjàyí Crowther ni Biyi Bandele gbé ìtàn kà nínú Yoruba Boy Running, tí ó jáde ní 2024 lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé náà. Ọmọdékùnrin ni akọlé rẹ̀ tẹnu mọ́. Ti ọmọbìnrin ni ìbéèrè tiwa. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn, nítòsí Ìsẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ àti Fúlàní wà lára àwọn tó kó wọn. Òǹkọ̀wé tó bá dúró síbẹ̀ yóò sọ gbogbo Mùsùlùmí di ọ̀tá. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni Asano, ìyàwó Àjàyí, tẹ́lẹ̀ rí; inú ọkọ̀ ẹrú ni a ti gba òun náà sílẹ̀, kí ìrìbọmi tó sọ ọ́ di Susan.

Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Èrò tiwa ni pé Asano ni òṣùwọ̀n irú ìtàn yìí. Bí ó bá ní ohùn, òǹkàwé yóò rí i pé ẹrú àti akónilẹ́rú lè jẹ́ ẹlẹ́sìn kan náà. Bí a bá rí Susan nìkan, ìṣẹ́gun ẹ̀sìn kan ni a kà, kì í ṣe ìfẹ́.