Ìtàn àti Irin: Àyẹ̀wò Ọkọ̀ Eré Nemesis ní Alton Towers

Àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọkọ̀ eré orí irin, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní roller coaster, àti ìtàn tí wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ní tiwọn, irin ni iṣẹ́. Aṣọ lásán ni ìtàn, tí ó ṣeé bọ́ sílẹ̀ kí a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, láìsí pé ohunkóhun yí padà lára ẹni tí ó gùn ún. Èrò yìí kò ṣeé gbá dànù, nítorí pé òtítọ́ ni ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgbà eré. Batman The Ride, tí wọ́n ṣí ní Six Flags Great America ní ìpínlẹ̀ Illinois ní ọdún 1992, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba. Ọkọ̀ náà ni ó kọ́kọ́ mú kí irú àga tí ó so rọ̀ lábẹ́ irin, tí ẹsẹ̀ èrò sì ń fì ní òfuurufú, di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwòrán kan náà fi dé ọgbà mìíràn ti ilé-iṣẹ́ náà, pẹ̀lú òkìtì márùn-ún kan náà. Ilẹ̀ gbalasa ni ó ń fẹ́, ó tán.

Ọ̀nà tí Nemesis gbà yàtọ̀ sí èyí ni ó mú kí ó yẹ ní yíyẹ̀wò. Alton Towers, ní Staffordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ ilé àti ọgbà àwọn Earl ti Shrewsbury nígbà kan rí. Àwókù ilé ńlá wọn ṣì dúró níbẹ̀ di òní. Àwọn aláṣẹ àdúgbò náà kò gbà kí wọ́n kọ́ ohunkóhun tí yóò yọrí ju igi lọ. Ẹni tí ó bá mọ bí ọkọ̀ eré ti ń ṣiṣẹ́ yóò mọ̀ pé òfin yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdájọ́ ikú. Irú ọkọ̀ náà kò ní ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀wọ̀n ni ó ń fà á gòkè. Gíga tí ó bá gùn ni gbogbo owó tí ó ní lọ́wọ́, òun náà ni yóò sì máa ná ní gbogbo kọ́nà àti gbogbo òkìtì títí yóò fi padà dé ibùdókọ̀. Ẹni tí kò gùn ga kò ní ohun tí yóò ná.

John Wardley, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní orí ìtàgé kí ó tó di ayàwòrán ọkọ̀ eré, yí ọ̀rọ̀ náà padà: bí kò bá ṣeé gòkè, wọn yóò sọ̀kalẹ̀. Wọ́n fi ohun abúgbàù fọ́ àpáta, wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá, wọ́n sì tẹ́ irin sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí Nemesis ní oṣù Kẹta ọdún 1994, gíga rẹ̀ sókè ilẹ̀ kò ju nǹkan bí mítà 13 lọ, ṣùgbọ́n ìjábọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 32. Eré rẹ̀ ń tó kìlómítà 80 ní wákàtí kan, gẹ́lẹ́ bí ti Batman, èyí tí ó ga tó mítà 30 sójú ọ̀run. Ilé-iṣẹ́ kan náà, Bolliger & Mabillard ti ilẹ̀ Switzerland, ni ó ṣe méjèèjì.

Kòtò tí ó jìn tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàì mú kí ènìyàn béèrè ohun tí wọ́n ń wá nínú rẹ̀. Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni ìtàn Nemesis: pé ẹ̀dá abàmì kan láti ayé mìíràn sùn sínú ilẹ̀ náà, pé wọ́n jí i, pé irin yìí ni wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ṣàn nínú kòtò. Omi pupa ni wọ́n fi ṣe ẹ̀jẹ̀ náà, ara ẹ̀dá náà sì bo ibùdókọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ wo bí èyí ti jìnnà tó sí Matterhorn ti Disneyland, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1959. Níbẹ̀, òkè àtọwọ́dá ni wọ́n kọ́ láti fi irin pamọ́. Ní Alton Towers, irin hàn kedere, nítorí pé irin fúnra rẹ̀ wà nínú ìtàn: ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá bọ́ ìtàn yìí kúrò, kòtò kò ní ìdí mọ́. Bí ó bá sì dí kòtò, ìtàn kò ní ibi tí yóò dúró sí.

Òkìtì mẹ́rin péré ni Nemesis ń ta, ìrìn rẹ̀ kò sì ju mítà 716 lọ. Ètò wọn ni ó lágbára. Ọkọ̀ kọ́kọ́ yí dorí kodò, ó wá ká bí ìkarahun ìgbín, ó sì tẹ èrò mọ́ àga títí ẹsẹ̀ yóò fi wúwo bí òjé. Lójijì, ó tún yí, ìwúwo yẹn sì pòórá. Ara fúyẹ́ bí ẹni pé kò sí ilẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn èyí ni òbìrìkìtì tí ó dúró lóòró. Kò rí róbótó bí owó sílè. Ní Coney Island ní ọdún 1895, òbìrìkìtì róbótó ni wọ́n ṣe fún Flip Flap, ó sì ń fún àwọn èrò rẹ̀ ní ọrùn. Werner Stengel, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì tí ó ṣírò Nemesis náà, ni ó fi ìrísí ẹ̀kán omi rọ́pò rẹ̀ fún ọkọ̀ Revolution ní California ní ọdún 1976: ìsàlẹ̀ fẹ̀, òkè há, kí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ má baà dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀bùn Nemesis ni pé ó gbé ọgbọ́n yìí sí ẹ̀gbẹ́ àpáta. Ẹsẹ̀ èrò dà bí ẹni pé yóò gbá òkúta. Ní orí ilẹ̀ gbalasa, òbìrìkìtì kan náà yóò jẹ́ eré ìdárayá. Níhìn-ín, ìjà ni.

Ìtàn náà ní àléébù. Kò sọ ìdí tí ọlọ́gbọ́n yóò fi máa gun ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ẹ̀dá tí ó fẹ́ pa á. Ṣùgbọ́n a kì í bi apàlọ́ léèrè ẹni tí ó rán aṣọ fún Ìjàpá. Díẹ̀ ni ìtàn náà sọ, ó sì jẹ́ kí etí àti ojú ẹni tí ó tò sórí ìlà ní ẹ̀bá kòtò parí ìyókù.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni wọ́n ti í pa, nítorí pé irin ti gbó. Wọ́n fi irin titun, dúdú, rọ́pò èyí tí ó pọ̀ jù lọ, wọ́n sì tún un ṣí ní oṣù Kẹta ọdún 2024 pẹ̀lú orúkọ Nemesis Reborn. Ṣé iṣẹ́ kan náà ni? Ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ alohùn. Oníjàlá méjì lè ki erin ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó sì jẹ́ oríkì erin síbẹ̀, nítorí pé ẹni tí wọ́n ń kì kò yí padà. Nípa ti ìrìn, Nemesis yege: gbogbo òkìtì rẹ̀ ni ó wà ní ipò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni ó pọ̀ sí i. Phalanx, ẹgbẹ́ ọmọ-ogun àròsọ tí ó kọ́kọ́ yọjú nínú Nemesis Sub-Terra ní ọdún 2012, ni ó wá di olùṣọ́ ẹ̀dá náà báyìí, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ àti àmì ẹgbẹ́. Ohun tí àpáta ti sọ láìlanu ni wọ́n tún ń fi ìwé ìkìlọ̀ sọ. Ẹ̀rù ẹ̀dá tí kò sí ẹni tí ó mọ ìdílé rẹ̀ ju ẹ̀rù ẹ̀dá tí ìjọba ti ní fáìlì rẹ̀ lọ, ìdí sì nìyí tí ìtàn ti ọdún 1994 fi sàn ju ti 2024 lọ, bí ọ̀ṣọ́ ti titun tilẹ̀ dán jù ú lọ.

Àpáta náà ṣì wà ní ibi tí wọ́n fọ́ ọ sí. Ẹsẹ̀ èrò ṣì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní kìlómítà 80 ní wákàtí kan, kò sì sí ẹni tí ó ń ka ìwé ìkìlọ̀ níbẹ̀.