Ìwé "Changes" àti Ìbéèrè tí Ó Bi Wá

Ní ọdún 1991 ni Ama Ata Aidoo, ọmọ ilẹ̀ Ghana, ẹni tí ó ti ṣe Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ rẹ̀ rí, tí ó sì jáde láyé ní ọdún 2023, tẹ ìwé ìtàn rẹ̀ tí à ń pè ní Changes jáde. Ní ọdún kejì rẹ̀ ni ìwé náà gba ẹ̀bùn àwọn òǹkọ̀wé Commonwealth ní apá ti Áfíríkà. Òǹkọ̀wé náà jẹ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé pé òun ti wí rí pé òun kì yóò kọ ìtàn àwọn olólùfẹ́ ní ìlú Accra, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì ju bẹ́ẹ̀ lọ wà nílẹ̀. Inú wa dùn pé ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Ẹni tí ó bá yára ka ìwé náà lè wí pé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò ju èyí lọ, pé obìnrin tí ó bá mọ ìwé jù kò lè gbé ilé ọkọ. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Obìnrin mẹ́ta ni a gbé ka iwájú wa, ó sì yẹ kí a wọn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí a tó dájọ́.

Esi ni èkínní. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kó ìṣirò jọ fún ìjọba. Ilé tí òun àti Oko, ọkọ rẹ̀, ń gbé, ipò iṣẹ́ rẹ̀ ni ó mú un wá. Ẹ̀sùn Oko ni pé aya òun a máa tètè jáde, a máa pẹ́ wọlé, a máa lọ sí ìpàdé ní ilẹ̀ òkèèrè, kò sì fẹ́ bí òmíràn lé ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan Oko fi ipá bá a lò, Esi sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ó di ìyàwó kejì fún Ali, ọlọ́rọ̀ kan, ó rò pé ọkọ tí ó ní ilé mìíràn láti lọ yóò fi àyè sílẹ̀ fún òun àti iṣẹ́ òun. Ali fi àyè sílẹ̀ fún un lóòótọ́, títí ó fi di pé àyè nìkan ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọkọ̀ tuntun ta á lọ́rẹ, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti di àlejò nínú ilé náà.

Èkejì ni Opokuya, ọ̀rẹ́ Esi, nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, ìyá ọmọ mẹ́rin. Lójú ayé, ilé tirẹ̀ tòrò. Ṣùgbọ́n ní òròòwúrọ̀ ni òun àti Kubi, ọkọ rẹ̀, ń jiyàn lórí ọkọ̀ kan ṣoṣo. Kubi a máa wà á lọ sí ibi iṣẹ́, a sì gbé e kalẹ̀ níbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Aya tí ó ní ilé ìwòsàn, ọjà àti ọmọ láti sáré sí, a máa wá ẹni tí yóò gbé e. Níhìn-ín ni ọgbọ́n òǹkọ̀wé yìí hàn sí wa jùlọ. Kò wàásù, ọkọ̀ ni ó fi sọ fún wa ẹni tí àkókò rẹ̀ níye lórí nínú ilé náà.

Ẹ̀kẹta ni Fusena, ìyálé Esi. Òun àti Ali jọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni. Ó fi ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ kí ti ọkọ rẹ̀ lè lọ síwájú. Nígbà tí wọ́n sì ti òkè òkun dé, ìsọ̀ ni ọkọ rẹ̀ fún un dípò iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí Ali wá sọ fún un pé òun yóò fẹ́ ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ tí ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé obìnrin náà ti gba oyè Yunifásítì. Ẹni tí ó bá ka ibẹ̀ tí àánú kò ṣe é, àyà rẹ̀ le.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé ìwé àti iṣẹ́ ni àrùn tí ń pa ilé, ó yẹ kí ilé Fusena gbádùn. Kò gbádùn. Ẹni tí ó di iṣẹ́ mú sunkún. Ẹni tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ sunkún. Ẹni tí ó di méjèèjì mú kò ráyè sunkún.

Ibì kan wà tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Esi jókòó ní ibi iṣẹ́, ó ń ro ohun tí ọkọ rẹ̀ ṣe sí i, ó sì ń bi ara rẹ̀ pé kí ni àwọn èdè Áfíríkà ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó dárúkọ àwọn èdè náà lọ́kọ̀ọ̀kan, Yorùbá sì wà lára wọn. A gbìyànjú láti dá a lóhùn. Bí ọkùnrin bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí obìnrin ní ọ̀nà oko, a ní orúkọ fún un, a sì kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọkọ ni, ohun tí ó wà lẹ́nu wa kò ju pé, "Ṣé kì í ṣe ọkọ rẹ̀ ni?" Èdè wa kò tòṣì, àwa tí ń sọ ọ́ ni kò fẹ́ pe nǹkan náà ní orúkọ rẹ̀.

Ìwé náà ní àbùkù tirẹ̀. Ogyaanowa, ọmọ Esi, fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù nínú ìtàn. A kì í sábà gbọ́ ohùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn án púpọ̀. A kò sì rí ọkọ kan tí ó fi tinútinú gbé nínú ẹrù aya rẹ̀. Bóyá òtítọ́ ni Aidoo sọ; síbẹ̀ à bá fẹ́ rí ẹyọ kan, kí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá kà á lè mọ ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà a máa wí fún ìyàwó pé ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́ ni. Ó dára, ṣùgbọ́n èéṣe tí ó fi jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ni à ń rán lọ síbẹ̀? Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọkùnrin, ẹ ka ìwé yìí. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́ lọ́la, kí ẹ tó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ẹ bi aya yín léèrè ibi tí òun náà ń lọ.