Òkú Igi Ténéré àti Àwọn Àgùnfọn Kouré

Ní Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé Boubou Hama, tí wọ́n ṣí ní 1959 ní Niamey, olú-ìlú Nìjẹ̀r, òkú igi kan wà tí wọ́n ń tọ́jú bí ẹni tọ́jú ohun ọba. Igi Ténéré ni. Nígbà ayé rẹ̀, òun nìkan ló dúró nínú aṣálẹ̀. Igi mìíràn kò sí láyìíká rẹ̀ fún ohun tó ju 100 kìlómítà lọ. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí 1938, wọ́n rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ ti wọ ilẹ̀ ju 30 mítà lọ láti wá omi. Ní 1973, awakọ̀ kan fi ọkọ̀ akẹ́rù kọ lù ú, ó wó, wọ́n sì gbé e wá sí Niamey.

Ìtàn náà rọrùn láti sọ: ẹnìkan ṣẹ̀, igi kan kú, ìjọba tọ́jú òkú. Ibẹ̀ gan-an ni àléébù rẹ̀ wà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ yóò rò pé jàǹbá ọjọ́ kan ló ń pa ohun ẹlẹ́mìí run, àti pé ẹlòmíràn ló máa ń jẹ̀bi. Àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Kí Igi Ténéré tó ku òun nìkan, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kú tán bí ilẹ̀ náà ti ń gbẹ. Ikú tiwọn kò ní awakọ̀ tí a lè nàka sí.

Ikú irú èyí kò jìnnà sí Maourey, ọ̀kan lára àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Niamey. Igi ìdáná ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń se oúnjẹ ní ìlú náà, inú igbó tó yí ìlú ká ni wọ́n sì ti ń gé e. Lára àwọn igbó bẹ́ẹ̀ ni ti Kouré, nǹkan bí 60 kìlómítà sí Niamey, níbi tí àwọn àgùnfọn ti ń jẹ ewé. Ní 1996, 49 péré ló kù nínú ẹ̀yà àgùnfọn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó ń dáná ní Maourey kò kórìíra àgùnfọn, ó lè má tilẹ̀ rí i rí, síbẹ̀ ààrò rẹ̀ ń bá ẹranko náà du igi.

Àwọn àgùnfọn yìí kò sí nínú ọgbà. Àárín àgbẹ̀ àti darandaran ni wọ́n ń gbé, wọ́n a sì máa jẹ ẹ̀wà lóko àti máńgòrò olóko. Òfin de pípa wọn, àwọn ará abúlé fara dà wọ́n, àwọn ọ̀dọ́ kan sì di afinimọ̀nà fún àlejò. Lónìí, iye wọn ti ju 600 lọ. Ní 2018, wọ́n kó mẹ́jọ lọ sí Gadabedji, níbi tí irú wọn ti tán láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ 2020, àwọn agbébọn pa ènìyàn mẹ́jọ ní Kouré, afinimọ̀nà kan wà lára wọn. Owó àlejò nìkan kò lè ṣe òpó tí irú ilé yìí yóò gbára lé.

Ẹjọ́ tó kù nìyí: àgbẹ̀ Kouré ló ń pàdánù ẹ̀wà, ará ìlú ló ń fi igi se tirẹ̀. Bí Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé bá fẹ́ kí òkú igi rẹ̀ kọ́ni lọ́gbọ́n, kí wọ́n di ìdì igi ìdáná kan láti ọjà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí a bá gé igi nígbó, ká fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò.