Àdáta Kì í Ṣe Àìníran: Jìtá Keziah Jones àti Ìṣọ̀tẹ̀ Ẹ̀gbá

Ó ti pẹ́ tí lámèyítọ́ orin Yorùbá ti ní ojúlé tirẹ̀. Àpàlà, sákárà, jùjú àti fújì ní àyè níbẹ̀. Dùndún àti bàtá ni onílé. Rọ́ọ̀kì kò ní yàrá kankan. Bí ọmọ Yorùbá kan bá gbé jìtá kọ́rùn, tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ orin tí kò ṣe é ná owó sí lójú agbo, ohun tí a máa ń sọ ni pé orin òyìnbó ló ń kọ, a ó sì fà á lé àwọn onímọ̀ orin ilẹ̀ òkèèrè lọ́wọ́. Àpilẹ̀kọ yìí tako ìpín bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi tako ó ni Black Orpheus, àwo orin tí Keziah Jones gbé jáde ní 2003. Èrò mi ni pé ìṣọ̀tẹ̀ tí ó wà nínú àwo náà kì í ṣe aṣọ tí a yá ní Páríìsì. Ó ní ìran ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ṣùgbọ́n ìran yẹn náà ni yóò jẹ́ kí a rí ibi tí iṣẹ́ náà kù sí.

Ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ìgbẹ̀ìn, ní Abẹ́òkúta. Àwọn ará ìta a máa fi Ẹ̀gbá ṣẹ̀fẹ̀ pé, “Ẹ̀gbá kò lólú, gbogbo wọn ló ń ṣe bí ọba.” Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìtàn tì í lẹ́yìn. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí 1830, ìlú kọ̀ọ̀kan ló gbé Ògbóni àti ológun tirẹ̀ dání. Ìgbẹ̀ìn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó di 1854 kí wọ́n tó fi Okùkẹ́nù jẹ Aláké àkọ́kọ́ ní ibùdó tuntun náà. Ní ọ̀rúndún tí ó tẹ̀lé e, Ìgbẹ̀ìn yìí kan náà ni Abeokuta Grammar School wà nígbà tí Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti di ọ̀gá àgbà rẹ̀ ní 1932, inú ọgbà ilé-ìwé náà sì ni ọmọ rẹ̀ Fẹlá, tí a bí ní 1938, ti ṣe kékeré. Ìyá ọmọ náà, Fúnmiláyọ̀, ló ṣáájú àwọn obìnrin ìlú lòdì sí owó orí, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Fẹlá nígbà náà. Ẹ̀kọ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí kọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí ó bá kọ̀ kò ní láti sá kúrò láàrin ìlú, ojúde ọba gan-an ni a ti ń kọ̀.

Keziah Jones jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n mú nǹkan lára Fẹlá. Olúfẹ́mi Sanyaolu ni orúkọ tí a fi bọ̀ ọ́ ládìí. 1968 ni wọ́n bí i. Olóyè àti onílé-iṣẹ́ ńlá ni baba rẹ̀, Ẹ̀gbá sì ni ìdílé náà. Wọ́n rán an lọ sí ilé-ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré, kí ó lè wá di ẹni tí yóò di iṣẹ́ baba mú. Jìtá ló dì mú. Ó ta á ní ẹ̀bá títì ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ta á ní àwọn ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Páríìsì, kí ó tó gbé Blufunk Is a Fact jáde ní 1992. Blufunk ni orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ orin rẹ̀, ìyẹn búlúùsì àti fọ́ńkì tí a so pọ̀. Ẹni tí ó pa orúkọ baba tì, tí ó pa iṣẹ́ baba tì, tí ó sì dá orúkọ sọ orin ara rẹ̀: kò sí bí àwọn òǹkọ̀wé Faransé kan láyé àtijọ́ kò ṣe ní pè é ní ọmọ ẹgbẹ́ wọn.

Àwọn òǹkọ̀wé tí mò ń wí ni àwọn tí ayé pè ní oníbàjẹ́, tí wọ́n sì sọ èébú náà di oyè. Ní 1857, ilé-ẹjọ́ ní Páríìsì bu owó ìtanràn lé Baudelaire nítorí Les Fleurs du mal, ó sì fòfin de ewì mẹ́fà nínú rẹ̀. Ní 1884, Huysmans kọ À rebours, ìtàn ọlọ́rọ̀ kan tí ayé sú, tí ó ti ara rẹ̀ mọ́ ilé lẹ́yìn Páríìsì, tí ó ń fi òórùn dídùn, òkúta iyebíye àti ìwé ṣe ẹbí. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ olórin rọ́ọ̀kì ti kọ́ bí a ti í kẹ̀yìn sí àwùjọ. Patti Smith ti Amẹ́ríkà kò fi ìfẹ́ tí ó ní sí Rimbaud pamọ́ rí. Àmì kan ló so gbogbo wọn pọ̀: àdádó ni ẹ̀rí òtítọ́. Ẹni tí ó bá dá wà ni kò tíì bàjẹ́ lójú ara rẹ̀.

Ní ojú àkọ́kọ́, Black Orpheus jọ iṣẹ́ irú wọn. Àkọlé orin kan níbẹ̀, “Afrosurrealismfortheladies”, pe àwọn ajogún oníbàjẹ́ náà lórúkọ ní gbangba. Àkọlé àwo fúnra rẹ̀ sì ti rìn jìnnà. Jean-Paul Sartre ló fi pe àròkọ tí ó kọ ṣáájú àkójọ ewì tí Senghor ṣe ní 1948. Ulli Beier fi sọ ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1957. Marcel Camus fi sọ fíìmù rẹ̀ ní 1959. Nínú ìtàn àwọn Gíríìkì, Orpheus fi ohun èlò olókùn rẹ̀ tu àwọn aláṣẹ ìlú òkú lójú láti gba aya rẹ̀ padà. Ó bojú wẹ̀yìn lọ́nà, ó sì padà lọ́wọ́ òfìfo. Olórin àdáta tí ó pàdánù: àwòrán yìí dùn mọ́ àwọn oníbàjẹ́ púpọ̀.

Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbá ti ní ẹni tí ó lọ sí ìlú òkú ṣáájú àwo yìí. Ní 1952 ni Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, gbé The Palm-Wine Drinkard jáde, ìwé tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ di eré orí ìtàgé ní èdè Yorùbá. Ọ̀mùtí ni akọni náà, ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn láyé ju ẹmu mímu lọ. Bí a bá ń wá oníbàjẹ́, òun nìyí. Adẹ́mu rẹ̀ kú, ó sì gbéra lọ bá a ní ìlú àwọn òkú. Adẹ́mu kò lè bá a padà mọ́, ṣùgbọ́n ó fún un ní ẹyin kan, ẹyin náà ló sì fi bọ́ àwọn ènìyàn nígbà tí ìyàn mú. Ibi tí ọ̀nà ti pín nìyí. Orpheus padà lọ́wọ́ òfìfo, ó wá di olórin ìbànújẹ́. Ọ̀mùtí wá nǹkan tí ó fẹ́ fún ọ̀nà ọ̀fun ara rẹ̀ nìkan, ó sì gbé oúnjẹ ìlú bọ̀. Ìmọ̀ tara ẹni nìkan ló gbé e jáde nílé. Ìlú ló jàǹfààní ìrìnàjò náà.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi Keziah Jones kò wá ju èyí lọ: kí ni ó gbé bọ̀?

Ọwọ́ rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ wò. Jìtá rẹ̀ kì í kàn ń dún. Ó ń lu ú. Àtàǹpàkò ń gbá okùn, àwọn ìka yòókù ń fà á, àtẹ́lẹwọ́ sì ń pa ohùn náà lẹ́nu kí ó má bàa pẹ́ jù. Ẹni tí ó bá ti dúró ti àwọn onídùndún rí yóò mọ ohun tí ó ń gbọ́: ohùn kan dúró sójú kan bíi gúdúgúdú, òmíràn ń rìn kiri lórí rẹ̀. Iṣẹ́ ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ọwọ́ kan ṣoṣo ń gbìyànjú láti ṣe. Nítorí náà, kò tọ̀nà láti sọ pé ó dá wà. Ó dá ta jìtá, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ onílù ló wà nínú ọwọ́ rẹ̀. Èyí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àdáta àti àdádó, òun náà sì ni olórí ìdí tí mo fi gbà pé iṣẹ́ yìí jẹ́ tiwa.

Ẹ̀rí kejì wà nínú àwọn àkọlé. Ẹ wo “Femiliarise”. Ìfọ̀rọ̀dárà ni. Orúkọ rẹ̀, Fẹ́mi, ni ó ki bọ inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn di ojúlùmọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá yóò rí àwàdà lórí orúkọ. Ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò gbọ́ “fẹ́ mi” pẹ̀lú. Ẹ tún wo “Kpafuca”. Láti inú pijin ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ó sì túmọ̀ sí pé nǹkan ti dẹnu kọlẹ̀, ó ti bàjẹ́ pátápátá. Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé Páríìsì kọ odindi ìwé lé lórí, mẹkáníìkì Èkó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo parí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kp tí ó fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ìró tí àkọtọ́ Yorùbá ń fi p lásán kọ láti ayé Crowther. Ìbàjẹ́ tí ó ń kọrin lé lórí ní ìró ilé.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ìfẹ́ bo àbùkù mọ́lẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè tí ó fi kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin rẹ̀, àwọn kan yóò sì sọ pé ẹjọ́ ti parí níbẹ̀. N kò gbà pé ó parí, ṣùgbọ́n ẹjọ́ wà. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, baba baba Fẹlá, lọ gba orin mẹ́tàlélógójì sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Orin ìyìn ní èdè Yorùbá, lórí ohùn orin Yorùbá, ni ó kọ ní olú-ìlú àwọn tí ń jẹ gàba lé wa lórí. Fẹlá, ọmọ ọmọ rẹ̀, yà sí pijin kí ilẹ̀ Áfíríkà púpọ̀ lè gbọ́ ọ. Keziah Jones yà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ní àsìkò kan náà tí ìṣọ̀tẹ̀ ń gbòòrò, èdè ń fẹ́lẹ́. Àyínlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kú nínú ìjà ilé ọtí ní 1980, fi hàn pé kò pọn dandan. Kò sí olórin oníbàjẹ́ ilẹ̀ òkèèrè tí ẹnu rẹ̀ mú ju tirẹ̀ lọ, Yorùbá ponbele ni ó sì fi ń sọ ọ́.

Ibi tí Black Orpheus ti kù díẹ̀ káàtó nìyí. Jìtá tí ó lè lù bí ìlù kò tíì sọ̀rọ̀ bí ìlù. Dùndún ń fọhùn nítorí pé ó ń tọ ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ inú ọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ọ̀nà ohùn tí okùn lè tọ̀. Ọwọ́ wà nílé, ẹnu wà lájò. Níbi tí àwo náà ti gbára lé orúkọ ńlá bíi Orpheus, ó ń sọ fún wa pé òun yàtọ̀. Níbi tí ó ti gbára lé ọwọ́ àti ìfọ̀rọ̀dárà, ó yàtọ̀ láìsọ ọ́.

Bí ó ti wù kí ó rí, ó padà. Ó pe àwo rẹ̀ ti 2008 ní Nigerian Wood, nígbà tí ó sì fi di 2013, ó ti dá akọni kan sílẹ̀, Captain Rugged, tí àwòrán rẹ̀ wà nínú ìwé alápèjúwe tí Native Maqari yà. Èkó ni akọni náà ti ń jà. Ẹni tí ń kẹ̀yìn sí ayé kì í dá jagunjagun sílẹ̀ fún ìlú.

Nítorí náà, kí a ṣí yàrá kan fún orin yìí nínú ẹ̀kọ́ wa. Kì í ṣe torí pé ẹ̀jẹ̀ Ẹ̀gbá wà lára olórin náà, nítorí ẹ̀jẹ̀ kì í ta jìtá. Ó jẹ́ torí pé àwa tí a ní etí fún gúdúgúdú, tí a mọ ìfọ̀rọ̀dárà, tí a sì mọ ìdí tí a fi ń sọ pé Ẹ̀gbá kò lólú, ni a lè sọ ohun tí ó ṣe àti ohun tí kò tíì ṣe. Bí a bá jù ú sílẹ̀ fún àwọn mìíràn, wọn yóò gbọ́ Orpheus nínú rẹ̀, wọn kò sì ní gbọ́ Fẹ́mi. Ọmọ tí ń bọ̀, ní Ìgbẹ̀ìn tàbí níbòmíràn, tí yóò jẹ́ kí jìtá náà fọ Yorùbá, yóò nílò kí a ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnìkan ti gbé ìlù dé ibẹ̀ ṣáájú òun.