Ìwé Fágúnwà àti Òǹkàwé Tí Kò Rí Igbó Rí

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá mẹ́wàá léèrè ìwé ìtàn àròsọ tí ó wù wọ́n jù lọ, pàápàá èyí tí ó kún fún iwin, ẹbọra àti àràmàǹdà, àfàìmọ̀ kí mẹ́sàn-án nínú wọn má dárúkọ ìwé olóògbé D. O. Fágúnwà. Bí a bá sì tún bi wọ́n pé kí ni ó dùn nínú ìwé náà, ohùn kan náà ni wọn yóò fi dáhùn: èdè rẹ̀ jinlẹ̀, ó kún fún òwe, ó ń kọ́ni lọ́gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí nígbà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ jókòó láti sọ ìwé tí oníkálukú yóò fi lé àwọn ọmọ iléèwé sẹ́kọ́ńdìrì lọ́wọ́ nígbà tí a bá lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò.

N kò sọ pé irọ́ ni ìdáhùn yìí. Ṣùgbọ́n láìdéènà pẹnu, irú ìyìn bẹ́ẹ̀ ni ó ń lé òǹkàwé sá. Ta ni yóò fẹ́ wọ igbó kìkì nítorí pé wọ́n sọ fún un pé igbó náà jinlẹ̀? Ẹni tí a bá fẹ́ kí ó jẹ ọbẹ̀, a kì í ka iye èròjà inú rẹ̀ fún un. A óò ṣí ìdérí ìkòkò ni, kí ìtasánsán rẹ̀ lè kàn án nímú. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ẹlòmíràn ka ìwé ìyanu gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tí ẹ̀rù ti ba òun àti ibi tí òun ti rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà ní Jos ju bí ó ti kan àwọn ará Ìbàdàn tàbí Oǹdó lọ. Iṣẹ́ kùsà, ọkọ̀ ojú irin àti òwò ni ó kó àwọn baba ńlá ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá ìlú yìí wá síhìn-ín. Ọmọ wọn tí a bí sí Gada Biyu tàbí Tudun Wada ń sọ Haúsá ní títì, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì, Yorùbá sì di ti inú ilé, bí àwọn òbí bá tilẹ̀ tẹnu mọ́ ọn. Ọmọ náà mọ òtútù, ó mọ àpáta, ó mọ pápá gbalasa. Ṣùgbọ́n kò rí igbó kìjikìji rí, irú èyí tí ó yí Òkè-Igbó ká, níbi tí a ti bí Fágúnwà ní 1903. Ẹni tí ó ti mọ ẹ̀rù igbó kí ó tó ṣí ìwé ni Fágúnwà ń bá sọ̀rọ̀. Lójú ọmọ Jos, igbó fúnra rẹ̀ ni iwin àkọ́kọ́. Bí ìwé kìíní tí a fún un bá ti borí rẹ̀, kò ní ṣí èkejì, ó sì ṣeé ṣe kí ó má ka ìwé Yorùbá mọ́ títí ayé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938, nítorí òun ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ọdẹ kan tí ń jẹ́ Àkàrà-ògùn ni ó wá bá akọ̀wé, tí ó ní kí ó mú gègé kí ó máa kọ ohun tí òun yóò sọ. Ó dá wọ igbó náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọba rán an lọ sí Òkè Láńgbòdó láti lọ wá ohun tí yóò mú àlàáfíà bá ìlú, ó sì kó àwọn akọni mìíràn sòdí: Kàkó, Ìmọ́dòye, Olóhùn-iyọ̀, Elégbèdè-ọdẹ àti àwọn yòókù. Bí ọdẹ náà ti ń sọ̀tàn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò ń pọ̀ sí i láti wá gbọ́. Èyí fi hàn pé etí ni Fágúnwà kọ ìwé náà fún. Ọmọ tí ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lójú ìwé kò lè gbádùn rẹ̀. Ẹ kà á sókè fún un, kí ẹ wá wo ojú rẹ̀.

Ẹ tún wo Àgbákò, iwin tí Àkàrà-ògùn bá pàdé. Ojú mẹ́rìndínlógún ni ó ní, wọ́n sì tò yí ìdí orí rẹ̀ ká. Ẹlòmíràn ì bá kàn wí pé ẹ̀dá náà burú jáì, kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni Fágúnwà. Ó ka ojú náà, ó sọ bí wọ́n ṣe tò, pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ ẹni tí ó ń ka ọjà fún oníbàárà. Ìfarabalẹ̀ yìí ni ó ń dẹ́rù bani, òun náà ni ó sì ń pani lẹ́rìn-ín. Èyí ni ó yẹ kí a máa sọ fún ẹni tí kò tíì ka ìwé náà, kì í ṣe iye òwe tí ó wà nínú rẹ̀.

Ibì kan wà ṣá tí àwọn tí ń yin ìwé yìí máa ń fò bí ẹni fo kòtò. Nígbà tí Kàkó fẹ́ bá àwọn akọni lọ sí Láńgbòdó, obìnrin tí ó jẹ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó ní kò gbọdọ̀ fi òun sílẹ̀. Kàkó pa á, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Òun nìkan kọ́ sì ni obìnrin tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí: ìyá Àkàrà-ògùn, tí í ṣe àjẹ́, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ni ó kú sí. Báwo ni olùkọ́ yóò ṣe ka èyí fún kíláàsì tí àwọn ọmọbìnrin kún inú rẹ̀? Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní kí á fò ó. Àwọn mìíràn ní àròsọ ni, kí á má dààmú ara wa. N kò fara mọ́ èkíní, n kò sì fara mọ́ èkejì. Bí a bá ń gba ọgbọ́n inú ìwé náà gẹ́gẹ́ bí òtítọ́, a kò lè pe ìkà inú rẹ̀ ní àròsọ lásán. Ẹ̀jẹ̀ obìnrin yìí ni a fi san owó ìrìn àjò ńlá náà. Ọdẹ ni àkọlé ìwé náà pè ní ògbójú. Ẹ jẹ́ kí kíláàsì jiyàn lórí rẹ̀ bóyá orúkọ náà yẹ Kàkó. Ìjiyàn bẹ́ẹ̀ yóò ṣe ìwé náà lóore ju oríkì lọ.

Lẹ́yìn náà ni kí a fi Àdììtú Olódùmarè, ti 1961, tì í. Fágúnwà tí ó kọ ọ́ kì í ṣe ọ̀dọ́ olùkọ́ ti 1938 mọ́. Igbó ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òṣì ni iwin tí ó burú jù nínú rẹ̀. Orúkọ àwọn òbí Àdììtú, Obírí-ayé àti Ìpọ́njúdìran, ti tó ròyìn. Ìfẹ́ tí ó wà láàárín Àdììtú àti Ìyúnadé gba àyè gbòòrò nínú ìtàn náà, kò sì sí ẹni tí ó fi ikú yanjú rẹ̀ bíi ti Kàkó. Òǹkàwé tí ìjà àti ọfọ̀ bá sú, ibẹ̀ gan-an ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ìwàásù Ìrágbèje ní Láńgbòdó, ọjọ́ méje gbáko ni, ó sì gùn. Ó dà bí ẹni pé ohun tí ó mú kí àwọn olùkọ́ fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó rọrùn láti fa ìbéèrè ìdánwò yọ níbẹ̀. Ọjọ́ kan nínú méje náà tó fún olùbẹ̀rẹ̀. Àkọtọ́ àwọn ẹ̀dà àtijọ́ náà ń fa ìdíwọ́: ẹni tí ó kọ́ òfin àkọtọ́ 1974 yóò máa kọsẹ̀ lára “aiye”, “enia” àti “nwọn”. Kí olùkọ́ ṣàlàyé èyí ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó sì máa bá ìtàn lọ.

Ohun kan wà tí a ní ní Jos tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ìhà gúúsù kò ní. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ti gbọ́ ìtàn Ruwan Bagaja ti Abubakar Imam ní èdè Haúsá. Ìdíje ìwé kíkọ kan ní 1933 ni ó bí ìwé náà, gẹ́gẹ́ bí ìdíje mìíràn ti bí Ògbójú Ọdẹ; olùkọ́ sì ni Imam, gẹ́gẹ́ bí Fágúnwà ti jẹ́ olùkọ́. Nínú rẹ̀, Alhaji Imam kúrò nílé láti wá omi ìwòsàn Bagaja, ojú rẹ̀ sì rí oríṣiríṣi. Ọmọ tí ó bá ti tẹ̀ lé e débi omi ti mọ ọ̀nà Láńgbòdó ní ìdajì. Ìyàtọ̀ wọn sì dùn ún wò: ẹ̀tàn àti ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni Alhaji Imam àti Zurke fi ń bá ara wọn jà, nígbà tí ó jẹ́ pé oògùn, ọfọ̀ àti apá ni ti Àkàrà-ògùn. Fágúnwà pàápàá kò ṣàjèjì sí ìhà Àríwá. Nítòsí Bídà ni odò ti gbé e lọ ní Disẹ́ḿbà 1963, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé ìtẹ̀wé Heinemann.

Ẹni tí igbó bá sú lè ka Ibú Olókun ti J. Ògúnṣínà Ògúndélé, tí ó jáde ní 1956, kí ó gba ojú omi lọ. Kórimálẹ̀ Nínú Igbó Àdìmúlà ti D. J. Fátànmí, ti 1967, kò burú, ṣùgbọ́n ipa ẹsẹ̀ Fágúnwà hàn jù nínú rẹ̀. Àwọn tí ń ka Gẹ̀ẹ́sì nínú wa a máa yin The Hobbit ti Tolkien, tí ó fi ọdún kan péré ṣáájú Ògbójú Ọdẹ. Ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò tí ń lọ sí orí òkè ni àwọn náà, ṣùgbọ́n wúrà ni wọ́n ń wá lọ. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni àwọn ti Fágúnwà bá níbẹ̀. Àwọn mìíràn a sì yin Children of Blood and Bone, tí Tomi Adeyemi kọ ní Amẹ́ríkà ní 2018. Kí wọ́n kà á. Kí a sì sọ ilé àwọn òrìṣà inú rẹ̀ fún wọn.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń lọ sí kíláàsì nìyí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ láti ojú ewé kìíní. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìrìn àjò kẹta, níbi tí ọba ti ránṣẹ́ pe Àkàrà-ògùn, nítorí òkè ni ìrìn àjò náà dojú kọ, àwọn ọmọ Jos sì mọ òkè. Ẹ nawọ́ sí àwọn òkè Shere fún wọn kí ẹ tó la ẹnu. Ẹ kà á sókè títí wọn yóò fi wọ igbó tí ewu àkọ́kọ́ yóò sì yọjú. Ẹ pa ìwé náà dé níbẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ sórí tábìlì, kí ẹ wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ wá yá a.