Ìkòkò Etí Òkun àti Àmù Ilé Wa

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí a ti ń yẹ ewì àti ìtàn wò kí a tó sọ pé ó dára tàbí kò dára, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí a máa yẹ iṣẹ́ ọwọ́ wò. Wòlíì Jeremáyà pàápàá, ilé amọ̀kòkò ni a rán an lọ kí ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ Olúwa níbẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé tí ń gbé Papalanto kò ní láti rìn jìnnà kí ó tó mọ ohun tí iná lè sọ ilẹ̀ dà: nítòsí rẹ̀, ní Ewékorò, láti 1960 ni a ti ń wa òkúta ẹfun tí a sì ń sun ún di sìmẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n amọ̀ tí ọwọ́ ènìyàn mọ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ìbéèrè náà sì ni èyí: nígbà tí a bá yin ìkòkò kan, kí ni a ń yìn gan-an?

Ìlú etí òkun kan wà ní Cornwall, ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí à ń pè ní St Ives. Ìlú apẹja ni tẹ́lẹ̀ rí. Lónìí àwọn àlejò ń lọ síbẹ̀ láti wo òkun, àwòrán àti ìkòkò. Ní 1920 ni Bernard Leach, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, àti Shoji Hamada, ọmọ Japan, dá ilé ìmọ̀kòkò sílẹ̀ níbẹ̀. Iléru wọn ní yàrá mẹ́ta tí ó gun òkè bí àtẹ̀gùn, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn ará Japan. Ẹ̀kọ́ Leach ni pé ohun èlò tí à ń lò lójoojúmọ́, ìbáà ṣe àwo tàbí ife, yẹ kí ó lẹ́wà kí ó sì wúlò papọ̀. 1940 ni ìwé rẹ̀, A Potter's Book, jáde. Ẹ̀kọ́ rere ni. Òun náà ni a ó fi ṣe òṣùwọ̀n fún iṣẹ́ tí ó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣàn dé ilẹ̀ wa.

Ní 1923 ni Michael Cardew wọlé kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Leach. Nígbà tí ó yá, ìjọba mú un wá sí Nàìjíríà, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀kòkò sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, ìlú tí à ń pè ní Suleja nísinsin yìí. Ní 1954 obìnrin kan dara pọ̀ mọ́ wọn, ọmọ Gbari láti ìlú Kwali. Ladi Kwali ni orúkọ rẹ̀. Òyìnbó kọ́ ni ó kọ́ ọ ní ìkòkò mímọ. Láàárín àwọn obìnrin ìdílé rẹ̀ ni ó ti mọ̀ ọ́n. Ó ń ká amọ̀ lé orí ara rẹ̀, ó ń rìn yí ìkòkò náà po, ó sì ń fín alángbá, àkeekèé àti ọ̀nì sí i lára. Ohun tí Abuja fi kún un ni oje dídán bíi dígí tí a fi bo ìkòkò náà, àti iná iléru tí ó ju 1,200 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Ẹ jẹ́ kí a wọn èrè kí a sì wọn àdánù. Èrè kìn-ín-ní ni pé ìkòkò náà le ju ti iná ìta gbangba lọ. Èkejì ni orúkọ. Èdìdì Ladi Kwali wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi iṣẹ́ náà han ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní 1977. Àwòrán rẹ̀ sì wà lẹ́yìn owó ogún náírà. Bẹ́ẹ̀ àìmọye obìnrin ni ó ti mọ àmù àti ìṣaasùn nílẹ̀ Yorùbá tí a kò mọ orúkọ wọn. Ní Ìlọrin, wọ́n ń wọ́n omi èèpo irúgbá sí ìkòkò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú iná jáde, kí ó lè dúdú kí ó sì dán; ta ni ó kọ orúkọ àwọn tí ó ní ọgbọ́n náà sílẹ̀? Leach yin àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ aláìlórúkọ, ṣùgbọ́n ó fi èdìdì tirẹ̀ sí ìdí ìkòkò tirẹ̀.

Àdánù wá ńkọ́? Àmù tí a kò fi oje bò a máa làágùn. Omi ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú ihò tíntìntín ara rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbẹ ẹ́, ó sì ń bá ooru lọ. Ìdí nìyí tí omi àmù fi ń tutù lọ́sàn-án gangan láìsí yìnyín. Nígbà tí oje dídán bá dí ihò wọ̀nyí, òógùn dá, ìtutù sì dá pẹ̀lú. Oje yẹ àwo ọbẹ̀ àti ìkòkò tíì, nítorí a kò fẹ́ kí wọ́n jò. Ṣùgbọ́n àmù tí a bí fún omi títutù ti di ohun ọ̀ṣọ́ inú gbọ̀ngàn. Ó lẹ́wà púpọ̀, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òṣùwọ̀n Leach fúnra rẹ̀ wọ̀n ọ́n, ìdajì rẹ̀ ni ó kù. Àwọn àgbà wí pé ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ yóò gbóná. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe iná tí ó gbóná jù ni ó ń sọ ìkòkò tí ó dára jù.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, nígbà ọyẹ́ ẹ bu omi sínú àmù kan àti sínú korobá kan ní òwúrọ̀, kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ kan méjèèjì ní ọ̀sán. Lẹ́yìn náà, ẹ rán wọn lọ béèrè orúkọ ìyá tí ó mọ àmù náà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Ohun rere méjì tí Abuja pín níyà, orúkọ àti òógùn, yóò tún pàdé ní ilé-ìwé yín.