Orin Tí Màmá Àgbà Fi Ń Sùn

Nígbà tí bàbá àgbà jáde láyé ní Òṣogbo, ìyá mi ní kí màmá àgbà wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Ìbàdàn. Ẹrù wọn dé, ṣùgbọ́n oorun wọn kò bá ẹrù náà dé. Èmi àti wọn la jọ ń sùn nínú yàrá kan. Wọn a jí ní aago méjìlá, wọn a tún jí ní aago méjì, wọn a sì jókòó sí etí ibùsùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí wọ́n bá ti jí, èmi náà ti jí nìyẹn. Mo wà ní kíláàsì àṣekágbá, ìdánwò WAEC ń bọ̀, mo sì ti ń tòògbé níwájú olùkọ́.

Ìyá mi ra rédíò kékeré kan tó ń lo mẹ́mórì káàdì fún wọn. Èmi ni mo gbà láti to orin tí yóò wà nínú rẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni: kí n ṣáà kó orin tó ń lọ jẹ́jẹ́, tí kò pariwo, jọ. Ó gbà mí tó oṣù méjì. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí ni ìdí tí orin kan fi ṣiṣẹ́ tí òmíràn kò fi ṣiṣẹ́, nítorí mo ti rí i pé ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní orin ìtura kì í tu gbogbo ènìyàn lára.

Àkójọ mi àkọ́kọ́ jẹ́ ti dùùrù, pẹ̀lú ìró òjò lábẹ́ rẹ̀. Irú rẹ̀ pọ̀ lórí YouTube, èmi náà sì máa ń fi kàwé. Ní alẹ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ fún màmá àgbà, kò pẹ́ tí wọ́n fi dìde.

“Àṣàkẹ́, òjò ń rọ̀! Ṣé wọ́n ti kó aṣọ wọlé?”

Mo ní, “Ẹ má bínú, mà, inú rédíò ni.”

“Òjò inú rédíò?” Wọ́n ṣí fèrèsé wò kí wọ́n tó gbà mí gbọ́.

Kò sí àléébù nínú dùùrù náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé abẹ́ páànù tó ń jò, tó ń sáré gbé ike sí ibi tí omi ń kán sí, iṣẹ́ ni ìró òjò ń pè é sí. Ẹni tó ṣe orin náà kò ní irú òrùlé bẹ́ẹ̀ lọ́kàn.

Mo bá padà sí orin ilé. Àwọn tó ń to orin oorun máa ń fẹ́ kí orin má ní ọ̀rọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ a máa pe ọkàn. Mo wá ibi tí ìlù dùndún ti ń dá dún nínú orin King Sunny Adé, mo gé e, mo tò ó. N ò rò ó pé ohun tí kò ní ọ̀rọ̀ létí mi ní ọ̀rọ̀ létí tiwọn. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ èdè Yorùbá ni onílù dùndún ń fi awọ sọ. Ẹni tó bá gbọ́ ìlù, gbólóhùn ló ń gbọ́. Màmá àgbà dùbúlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ń lọ. Wọ́n ń dá onílù lóhùn! Nígbà tó pa òwe kan dé ìdajì, àwọn ni wọ́n parí rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bi mí bóyá mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Aago kan òru nìyẹn. Ara tù wọ́n, ṣùgbọ́n oorun kò sí níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìtura àti oorun kì í ṣe ohun kan náà.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Mo mọ̀ pé bàbá àgbà fẹ́ràn Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tó gbé orin àpàlà ga. Mo fi àwo Oroki Social Club tó ṣe ní 1971 síwájú. Bí a bá wo ìró rẹ̀ nìkan, orin oorun gidi ni: kò sí gìtá, agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù ń lọ ní ìwọ̀n kan náà, ohùn Hárúnà kò sì kánjú rárá. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo ló fi orin náà kí, Òṣogbo yìí sì ni màmá àgbà ti gbé láti ìgbà ìyàwó. Bí orin ṣe ń lọ ni wọ́n ń rántí àwọn tó máa ń jó sí i: “Lágbájá ti lọ. Tàmẹ̀dò náà ti lọ.” Nígbà tó yá, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo gbọ́ ẹkún wọn nínú òkùnkùn. Mo na ọwọ́, mo pa rédíò, n ò sì mọ ohun tí mo lè sọ. Ní ọjọ́ kejì mo yọ orin náà kúrò.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ ìgbà tí wọ́n sùn àti ìgbà tí wọ́n jí sẹ́yìn ìwé ìṣirò mi. Mo rí ohun tí n ò retí: kì í ṣe inú orin ni wọ́n ti ń jí, àárín orin méjì ni. Ọ̀pọ̀ orin ìsinsìnyí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Bí ó bá ti dákẹ́, ìdákẹ́ náà á jí wọn. Àwo àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín 1970 sí 1979, Ebenezer Obey àti Sunny Adé sábà máa ń so orin mọ́ orin láti ìbẹ̀rẹ̀ ojú àwo kan dé òpin rẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, láìdúró. Gìtá á máa tún ohun kan náà sọ bí ẹni tó pọ̀n ọmọ ṣe ń rọra mi ara, ìlù á yí padà díẹ̀, orin mìíràn á sì ti wọlé kí o tó mọ̀ pé ti àkọ́kọ́ ti parí. Òde àríyá ni irú orin bẹ́ẹ̀ wà fún, kí oníjó má baà jókòó. Ohun tí kì í jẹ́ kí oníjó jókòó yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí màmá àgbà jí. Mo kàn dín ohùn rẹ̀ kù débi pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yọ mọ́.

Àkójọ náà kò ju mẹ́fà lọ báyìí. “Eye Adaba” tí Aṣa kọ sínú àwo rẹ̀ ti 2007 ló ṣíwájú. Ẹ̀rù bà mí pé orin ọmọdé ni wọn yóò pè é, ṣùgbọ́n màmá àgbà ní àdàbà kì í náání à ń kùngbẹ́, pé ẹyẹ tí iná kì í bà lẹ́rù ni. Sákárà Yusuf Ọlátúnjí ló tẹ̀ lé e, nítorí gòjé rẹ̀, tó ń dún bí àgbàlagbà tó ń dá sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì. Mẹ́rin tó kù jẹ́ ojú àwo gígùn ti Obey àti Sunny Adé. Kí ẹ̀kẹta tó parí, wọ́n ti sùn. Wọ́n ṣì máa ń jí lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n wọn kì í jókòó di àárọ̀ mọ́.

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Ní ọ̀sán Sátidé kan, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, wọ́n ní, “Àṣàkẹ́, níbo lo gbé orin Òṣogbo yẹn sí?”

Mo ní, “Mo ti yọ ọ́, mà. Ó pa yín lẹ́kún.”

“Ta ló sọ fún ọ pé n ò fẹ́ sunkún? Òru ni n ò fẹ́ ẹ. Gbé e wá jàre.”

Mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, wọ́n ń dárúkọ àwọn tó ti lọ, wọ́n sì sọ ẹni tó mọ ijó jó jù nínú gbogbo wọn fún mi. Bàbá àgbà ni. N ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Èmi tí mo ti dá orin náà lẹ́bi, èmi ni mo jẹ̀bi. Orin náà dára, àkókò rẹ̀ ni mo ṣì. Mo ti wá pín káàdì náà sí méjì, ti òru àti ti ọ̀sán.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi gbọ́, wọ́n ní kí n fi àkójọ náà ránṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní òun ò lè sùn sí i, pé ńṣe ló ń ṣe òun bíi kí òun dìde náwó. N ò bá a jiyàn. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ to orin fún ẹlòmíràn, ẹ má ṣe fi etí yín nìkan tò ó. Ẹ jókòó ti ẹni náà nígbà tó bá ń gbọ́ ọ, kí ẹ wo ojú rẹ̀, kí ẹ sì múra láti yọ èyí tí ẹ fẹ́ràn jù kúrò.

Èmi náà ti ń sùn báyìí. Olùkọ́ ìṣirò wa nìkan ló ṣì ń bi mí ohun tí “Obey, ojú kejì, aago méjì, kò jí” ń wá lẹ́yìn ìwé mi.